Ìwé iwin ni Fágúnwà náà kọ

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín nípa ọmọ rẹ̀ tó wà ní girama ni mo fẹ́ fèsì sí. Bàbá ní ọmọ náà kò níṣẹ́ méjì ju kó máa ka ìwé òyìnbó tó kún fún oṣó, dírágónì àti òrùka tó ń sọ èèyàn di àfẹ́ẹ̀rí. Wọ́n ní àwọn ti kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, àwọn sì ti tì í pa títí ọmọ yóò fi ṣe ìdánwò tán. Ìwé iwin ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n wá ní bó bá jẹ́ dandan kí ọmọ náà ka ìtàn, kó lọ ka Fágúnwà, níbi tí ọgbọ́n wà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti pa mí. Kì í ṣe bàbá ni mo fi rẹ́rìn-ín o, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú. Àgbákò inú ìwé Fágúnwà ni mo rántí, olójú mẹ́rìndínlógún, tó ń bá ọdẹ wọ̀yá ìjà. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìwé iwin, a jẹ́ pé n kò mọ ohun tó ń jẹ́ iwin.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní yunifásítì, ìmọ̀ kẹ́mísírì ni mò ń kọ́. Mo sọ èyí nítorí bàbá kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ kò lè gba sáyẹ́ǹsì mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbàgbé rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé C. S. Lewis ni, èyí tó jáde ní 1950, níbi tí ọmọbìnrin kékeré kan ti wọ inú wọ́dúróòbù, tó ń rìn lọ láàárín àwọn ẹ̀wù onírun, títí tó fi rí i pé òjò dídì lòun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú igbó ló já sí. Òpó iná kan ṣoṣo ń tàn níbẹ̀, kò sí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí títì. Bí mo ṣe kà á débẹ̀, mo dìde, mo ṣí wọ́dúróòbù wa, mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn aṣọ. Pákó ni ọwọ́ mi bà, àti aáyán kan tó ti kú tipẹ́. Kì í kúkú ṣe pé mo gbà pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kó jẹ́ pé ọ̀nà wà, kí n má sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé méje ni Lewis kọ nípa ayé inú wọ́dúróòbù yẹn, ti ìkẹyìn jáde ní 1956. Èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti jà lórí èyí tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ kà. Òun ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó sọ bí ayé yẹn ṣe ṣẹ̀. Òótọ́ ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ló ṣáájú, ṣùgbọ́n 1955 ni ìwé náà jáde, òun sì ni ìkẹfà. Èmi ní rárá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka ìyẹn ti mọ ibi tí òpó iná ti wá kó tó rí i. Adùn ibẹ̀ ni kí èèyàn bá iná pàdé láàárín igbó, kó má mọ ẹni tó rì í mọ́lẹ̀, kó sì gbé àìmọ̀ yẹn sọ́kàn fún ìwé márùn-ún gbáko.

Ìjà yìí kan náà ló yẹ ká máa jà lórí Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìtàn ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-ògùn, ló kọ́kọ́ gbé jáde, ní 1938. Ó di 1949 kó tó fún wa ní Igbó Olódùmarè, ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn. Ọmọ ṣáájú bàbá! Mo ti bi àwọn ojúgbà mi léèrè èyí tó yẹ ká fi ṣáájú. Kò sẹ́ni tó rò ó rí nínú wọn. Ìwé ìdánwò ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, èyí tí wọ́n bá yàn fún kíláàsì lọ́dún yẹn ni wọ́n kà, ó parí.

Tolkien ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn òyìnbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n èdè ni ní Oxford. Ó ti ń ṣẹ̀dá èdè fún ìgbádùn ara rẹ̀ tipẹ́, pẹ̀lú gírámà àti bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, kó tó wá àwọn tí yóò máa sọ ọ́. Iṣẹ́ ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń máàkì lọ́jọ́ kan tó kan ojú ewé tí ẹnì kan kò kọ nǹkan kan sí. Ló bá kọ gbólóhùn kan síbẹ̀, nípa ẹ̀dá kékeré kan tó ń gbé inú ihò. Bí The Hobbit, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1937, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá fi ojú ewé kan sílẹ̀ lófìfo nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi máa ń tu ara mi nínú.

Àmọ́ ẹ tún ọdún yẹn wò: 1937. Ọdún kan péré ló fi ṣáájú ti Fágúnwà. Olùkọ́ ni Tolkien, olùkọ́ ni Lewis, olùkọ́ ni Fágúnwà. Lewis kú ní oṣù kọkànlá 1963, Fágúnwà bá omi lọ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. N kò sọ pé wọ́n mọra o. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló jọra, àwa la pín wọn níyà. Nínú ilé ìkàwé tí mo ti ń yá ìwé, orí pẹpẹ òkè ni wọ́n to Tolkien sí, láàárín àwọn ìwé ìtàn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Fágúnwà wà, ó há sáàárín ìwé gírámà Yorùbá àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Mo gbé e lọ sókè lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti dá a padà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba obìnrin kan náà, ará Amẹ́ríkà, Ursula Le Guin. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1968, orúkọ gidi ni agbára wà: ẹni tó bá mọ orúkọ tí nǹkan ń jẹ́ ní ìpìlẹ̀ ló lè pàṣẹ fún un. Ilé ẹ̀kọ́ oṣó wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sínú ilé gogoro kan láti lọ há orúkọ sórí, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó bá ti há orúkọ èròjà kẹ́mísírì sórí lóru rí yóò mọ̀ pé òǹkọ̀wé yẹn kò purọ́. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀ fẹ́ fi han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun jù ú lọ, ó pe ẹ̀mí òkú, ihò kan bá ṣí, òjìji kan sì gba ibẹ̀ wọlé ayé. Àgbà oṣó tó dí ihò náà kú sí i. Ọmọ náà sá fún òjìji yẹn títí, kó tó yíjú padà láti máa lé e. Nígbà tí mo kà á, kò ṣe mí bí ọ̀rọ̀ àjèjì rárá. Kí èèyàn fi orúkọ gidi pàṣẹ fún nǹkan, ṣé ọfọ̀ kọ́ nìyẹn?

Ohun tí ẹni tí kì í ka irú ìwé yìí kò lè tètè mọ̀ ni pé òfin ibẹ̀ le. Bí òǹkọ̀wé bá sọ ní orí kìíní pé oògùn kan kì í jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó wá jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní orí kẹwàá torí pé ọ̀rọ̀ ti dojú rú, inú á bí wa bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́jà. Mo ti torí ẹ̀ gbé ìwé kan jù sílẹ̀, n kò sì padà sí i.

Ní girama, mo kórìíra Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń bi wá ni ká ka ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa ní ení, èjì, ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó bi wá rí bóyá ẹ̀rù bà wá. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá ni mo fa ẹ̀dà bàbá mi yọ, èyí tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já dànù, mo sì fi òru méjì kà á. Ọba rán àwọn ọdẹ ní Òkè Lángbòdó, wọ́n kóra jọ, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀: Kàkò pẹ̀lú kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n, Ọlọ́hùn-iyọ̀ olórin, Elégbèdè-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko. Mo ní, háà, mo mà mọ àwọn wọ̀nyí! Àwọn tí mo ti ń tẹ̀ lé wọnú igbó kiri láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí, èdè mi ni wọ́n ń sọ.

Fágúnwà tún wá ní ohun kan tí àwọn òyìnbó mi kò ní. Ó máa ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, á tún gun orí ìyẹn, títí tí ẹnu òǹkàwé yóò fi máa sáré bí ẹsẹ̀ ọdẹ. Ẹ̀rù á máa bà ọ́, ẹ̀rín á máa pa ọ́. Kò ṣe é fi ojú lásán kà. Mo ń kà á sókè lóru, àwọn ará ilé ń bínú. Lóòótọ́, ó máa ń wàásù. Kí n má parọ́, mo fo àwọn ojú ewé kan nínú ilé Irágbèje, ọlọ́gbọ́n tí àwọn ọdẹ bá ní Òkè Lángbòdó. Ó sì jọ pé ibi tí mo fò yẹn gan-an ni bàbá fẹ́ kí ọmọ wọn kà.

Ní 2018, Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé irú ìtàn yìí jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá sì ni àwọn tó lágbára nínú rẹ̀ fi ń pe ọfọ̀. Inú mi dùn, mo tún jowú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé tuntun tí wọ́n fi Yorùbá kọ láti páálí dé páálí, tó ní iwin, tó ní ìrìn àjò. Gbogbo ẹni tí mo bi, Fágúnwà náà ni wọ́n ń nà sí mi. Ẹni tó ti kú láti 1963! Ẹ̀yin olóòtú, ẹ ti fún ìtàn ìfẹ́ láyè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ fún wa. Èmi náà ti kọ orí mẹ́ta pamọ́. Òfin mẹ́rin ni mo ṣe fún oògùn inú rẹ̀, mo sì ti rú ọ̀kan.

Sí bàbá: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí àpótí yẹn. Ẹ má kó ti òyìnbó jáde láti fi ti Fágúnwà rọ́pò rẹ̀, ẹ kàn ju tirẹ̀ mọ́ wọn, kí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá bi mí lálẹ́ àná pé bí Àgbákò bá sùn, ṣé ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ló ń pa dé lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Mo ní kó lọ wá a nínú ìwé. Ìwé náà kò tíì padà sọ́dọ̀ mi.

Èmi ni tiyín,
Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì kan