Ìwé tí a máa jíròrò ní Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkàwé wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìpàdé wa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, níbi tí a máa ń lò. Nineteen Eighty-Four tí George Orwell kọ, tó jáde ní 1949, la máa jíròrò. Ó kéré tán, ẹ ka apá kìíní tán.

Ẹ fojú sí tẹlifíṣọ̀n ara ògiri ilé Winston, olú ẹ̀dá ìtàn inú ìwé náà: bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ló ń ṣọ́ onílé. Wọ́n lè dín ohùn rẹ̀ kù, àmọ́ kò ṣeé pa. Kọ̀rọ̀ kan ló ń sá sí kó tó lè kọ ìwé ìrántí rẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ kà mí láyà jù ni iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀: ó ń tún ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ, kí àsọtẹ́lẹ̀ ìjọba má bàa já sí irọ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Ẹni tí kò bá rí ìwé náà, kó tètè kàn sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìparí ìtàn fún àwọn tí kò tíì kà á débẹ̀. Kí ẹni tó ń bọ̀ fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ká lè mọ iye àga tí a máa tò.

Akọ̀wé yín