Àsàbí, má ta láptọ́ọ̀pù yẹn

Tanke, Ìlọrin

Àsàbí ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ. Ṣé ooru Sókótó kò mú jù? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa níbí.

Mo rí ohun tí o kọ nípa láptọ́ọ̀pù rẹ, pé kò lè gba Windows 11, àti pé láti October 14, 2025 tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, ọkàn rẹ kò balẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, má tà á. Ẹ̀rọ yẹn ṣì lágbára. Ẹrù tí wọ́n dì rù ú ló wúwo jù. Linux ni kí o gbé sí i, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

O ní orúkọ oríṣiríṣi Linux pọ̀ lójú rẹ. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, Linux Mint ni kí o mú. Ubuntu náà dára, ara rẹ̀ ni wọ́n ti yọ Mint, ṣùgbọ́n Mint jọ Windows tó ti mọ́ ọ lọ́wọ́: bọ́tìnì tí o máa ń tẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì wà níbẹ̀. LibreOffice ti wà nínú rẹ̀ tí wàá fi máa kọ lesson note. Nígbà tí RAM tìrẹ, ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 4GB, ẹ̀yà Mint tí wọ́n ń pè ní Xfce ni kí o gbà, òun ló fúyẹ́ jù. Ẹ̀yà Cinnamon lèmi ń lò, ó rẹwà, àmọ́ 8GB ni tèmi.

Fáìlì Mint tí wàá gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bíi 3GB, nítorí náà ra dátà òru. Lẹ́yìn náà, fi Etcher, ètò tó ń sọ fíláàṣì di èyí tí kọ̀ǹpútà lè tan láti orí rẹ̀, gbé e sórí fíláàṣì 8GB. Ohun tí mo fẹ́ràn jù rèé: o lè tan kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì yẹn, kí o máa lo Mint, láì fọwọ́ kan Windows rẹ rárá. Wò ó bóyá ohùn ń jáde, bóyá Wi-Fi ń ṣiṣẹ́. Wi-Fi tèmi kò yọjú. Mo fi okùn so fóònù mi mọ́ ọn, mo tan USB tethering, mo ṣí Driver Manager nínú Mint, ó sì bá mi wá dráífà, ètò tó ń mú Wi-Fi ṣiṣẹ́, tó bá a mu.

Àsàbí, gbọ́ eléyìí dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbé e wọlé pátápátá, ó bi mí bóyá kí ó nu gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì. Iná kò sí, bátìrì ń lọ sílẹ̀, mo ń kánjú, mo tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ Ìdòwú lọ pátá. Ìyá mi wà nínú rẹ̀, nínú aṣọ òfì aláró wọn, wọ́n gbé ọmọ náà lé itan. O mọ̀ pé wọn kò sí mọ́. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo sunkún.

Torí náà, kó gbogbo nǹkan rẹ sórí fíláàṣì mìíràn kí o tó ṣe ohunkóhun, kí o sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí o fi ojú ara rẹ rí i pé ó ń ṣí. Kí bátìrì kún, kí o sì so ó mọ́ iná.

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Mint, lábẹ́ Nàìjíríà. Òun ni mo fẹ́ kí o fi kọ èsì lẹ́tà yìí. Pè mí lálẹ́ Sátidé tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò ní sùn títí wàá fi parí.

Èmi ni,
Àmọ̀kẹ́