Orúkọ Ewúrẹ́ Yẹn

Gbági, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Manchester ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Ìméèlì ni mo fi kọ èyí, má bínú pé ó gùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì yí ọ̀rọ̀ sí ti ọjà.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp mi tí wọ́n gbà níjọ́sí ni. Ìwọ lo kọ́kọ́ fura, torí olè náà kọ "Good morning dear" sí ẹ. Láti ìgbà tí a ti jọ ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn lẹ́yìn ògiri ilé ìwé, ìgbà wo ni mo pè ẹ́ ní dear rí? O pè mí, o ní, "Àbẹ̀ní, ta ló ń fi ẹnu rẹ sọ̀rọ̀ báyìí?" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ni mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni. Oníbàárà méjì ń ná àǹkárá lọ́wọ́ mi, ìkẹta ń bínú torí ṣéńjì. Akápò ẹgbẹ́ wa kọ̀wé pé a fẹ́ ṣèpàdé lórí Zoom, pé wọn yóò fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi, kí n fún òun kí orúkọ mi lè wọlé. Kì í ṣe akápò rárá! Wọ́n ti gba tirẹ̀ láti àárọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé nọ́ńbà náà wá kọ ọ́ sí i gbangba pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mo kà á, Àṣàkẹ́. Ojú mi ń kà á, ọwọ́ mi ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Kí n tó ṣẹ́jú, WhatsApp ti lé mi síta bí ayálégbé tó jẹ owó ilé. Àbí ẹ ò rí ìwà òpè: mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo tajà lọ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, kí n tó gbé e lọ bá ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n fi nọ́ńbà mi wọlé padà, kí n tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tuntun tó bá wọlé. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, olè náà já bọ́. Àmọ́ èmi náà ò rí ilé wọ̀, torí ó ti fi PIN tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yàn, ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 7 gbáko ni WhatsApp ní kí n dúró. Ọmọkùnrin yẹn ní ká ní mo ti tètè fi PIN tèmi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, nọ́ńbà mẹ́fà nìkan kì bá tí tó o.

Olè náà ò rí ọ̀rọ̀ tí mo ti bá ènìyàn sọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó rí àwọn gúrúùpù mi. Oníbàárà mi kan sọ 20,000 náírà nù. Inú gúrúùpù aláṣọ ẹbí ló sì ti rí nọ́ńbà Màmá rẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni. Màmá. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn.

Olè náà kọ̀wé sí wọn lórúkọ mi, ó ní, "ẹ jọ̀ọ́ ma, mo nílò 85,000 kíákíá, báńkì mi ń yọ mí lẹ́nu, ẹ bá mi fi sí àkáǹtì ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, alẹ́ yìí ni n ó dá a padà." Torí pé èmi ni wọ́n rò pé ó kọ ọ́, Màmá ò bèèrè nǹkan kan. Owó páànù tí wọ́n fi èsúsú kó jọ ni wọ́n gbé lọ bá oníPOS. Orúkọ tí wọn ò gbọ́ rí ló jáde lójú ẹ̀rọ; wọ́n ní, "ẹ̀gbọ́n ọkọ Àbẹ̀ní ni." Nígbà tí a fi dé báńkì, owó ti fò kúrò níbẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ní tèṣán. Títí di òní, kò sẹ́ni tó pè mí.

Mo ti dá 30,000 padà. Wọn ò fẹ́ gbà á, mo fi sábẹ́ agolo ìrẹsì wọn. 55,000 tó kù, n ó san án. Má dá sí i, mo mọ̀ ẹ́.

Kí n tó gbàgbé: Táíwò ti wọ Fásitì Ìlọrin, Kẹ́hìndé ní bàtà òun dà, ejìká mi ti fúyẹ́, ọkọ mi ń kí ẹ.

O ń ṣàròyé pé Màmá ò gbé fóònù, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkè-Àdó ti bàjẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Màmá ló pa fóònù, wọ́n fi gèlè wé e, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí. Wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé kọ̀ǹpútà lè sín ohùn ènìyàn jẹ, òótọ́ sì ni. Wọ́n bi mí pé, "Bí Àṣàkẹ́ bá pè mí, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé òun ni?" Mo dákẹ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ pé wọ́n lu àwọn ní jìbìtì, pé wàá ní àwọn ti darúgbó.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́rin tiwa, n ó wà lọ́dọ̀ wọn. Pe fóònù mi. Má pariwo mọ́ wọn, má sì dárúkọ owó àfi tí àwọn bá kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí o tó kí wọn rárá, sọ orúkọ ewúrẹ́ Bàbá Láńlọ́ọ̀dù, èyí tó jẹ ìwé ẹ̀rí rẹ. Oríkì rẹ ò tó, gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ sórí Facebook lọ́jọ́ ìbí rẹ. (Bí ọjọ́ ìbí yẹn bá sì ni PIN rẹ, dìde báyìí kí o lọ pààrọ̀ rẹ̀.) Ìwọ ṣì ní 159 tí o lè tẹ̀ kó so ẹ́ mọ́ báńkì rẹ lọ́hùn-ún, níbí, báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, èmi ò sì mọ ti Màmá sórí lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀.

Màmá ti gbà. Wọ́n ní bí ẹni tó pè bá lè dárúkọ ewúrẹ́ yẹn, àwọn yóò gbé fóònù jáde nínú gèlè.

Fèsì kí n mọ̀ pé o rí i. Ṣùgbọ́n má kọ orúkọ ewúrẹ́ náà sínú rẹ̀ o.

Èmi ni,
Àbẹ̀ní