Sí ọmọ mi olùkọ́: mú ẹyọ kan nínú mẹ́sàn-án

Àjọkẹ́ mi,

Mo ti ka fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́, èyí tí ọ̀gá ilé-ìwé yín ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi gbèrú lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yìí sí. Ohun mẹ́sàn-án ni mo kà níbẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, kì í ṣe pé mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mọ́kànlá ni èmi kọ ní ọdún kejì tí mo di olùkọ́, nígbà tí ọdún sì yí po, n kò rí ọ̀kan tọ́ka sí pé mo ṣe.

Wo àkọ́kọ́ nínú tìrẹ: “Màá jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kópa dáadáa nínú ẹ̀kọ́.” Ta ni yóò ní kò dára? Àmọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ni yóò sọ fún ọ pé o ti ṣe é? Inú rẹ ni. Inú olùkọ́ kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbára lé. Lọ́jọ́ tí kíláàsì bá dákẹ́ rọ́rọ́, a ó ní ẹ̀kọ́ yé wọn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ti sọ̀rètí nù.

Mo ti kọ́ni fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó mọ èyí. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ bá mi jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Mo ní kó má wo èmi rárá, kó kàn máa fa igi kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ tí mo bá pè láti dáhùn ìbéèrè. Ọmọ 38 ni wọ́n. Nígbà tí agogo lù, ọmọ 17 ni kò ní igi kankan, ọ̀pọ̀ nínú igi náà sì wà lọ́dọ̀ ọmọ mẹ́fà kan tó jókòó síwájú. Bí wọ́n bá ní kí n búra láàárọ̀ ọjọ́ náà, ǹ bá búra pé gbogbo wọn ni mò ń pè. Ojú tì mí. N kò bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, bí ẹni pé òun ló fà á.

Mo wá gba ohùn ara mi sílẹ̀ kí n lè mọ ìdí. (Bí ìwọ náà bá fẹ́ ṣe é, kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí o sì pa á rẹ́ tí o bá ti gbọ́ ọ tán, ohùn ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀.) Mo gbọ́ bí mo ṣe ń béèrè, tí mo ń pe ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́. Bí kò bá sí ẹni tó nawọ́, èmi náà ni mò ń dáhùn. Mary Budd Rowe, tó ṣèwádìí lórí kíkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ti tẹ irú èyí jáde ní 1974: olùkọ́ kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í rí nǹkan sọ sì dín kù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré! Tí o bá dúró níwájú ogójì ojú, ó máa ń jọ wákàtí kan.

Nítorí náà, pa mẹ́jọ yòókù rẹ́. Kọ ẹyọ kan báyìí: “Kí sáà yìí tó parí, nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ọjọ́rú, ó kéré tán ọmọ 20 nínú 40 ni yóò máa sọ̀rọ̀, n ó ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ́kàn kí n tó pe ẹnikẹ́ni, ẹnì kan yóò máa bá mi ka iye ọmọ tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.” Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n kà á fún ọ lẹ́ẹ̀kan ná kí o tó fi iye sí i. Bó bá jẹ́ 12 lo bá níbẹ̀, tí o sì kọ 40, ọkàn rẹ yóò kàn rẹ̀wẹ̀sì ni.

Ẹni tí yóò bá ọ kà á, má mú ọ̀gá. Mú ẹni tí ẹ jọ wà ní ipò kan náà. Ní Japan, àwọn olùkọ́ a máa jọ gbèrò ẹ̀kọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn a kọ́ ọ, àwọn tó kù a sì máa wo àwọn ọmọ. Jugyō kenkyū ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo wọn jọ gbèrò ni wọ́n ń tú palẹ̀ lẹ́yìn náà, kì í ṣe olùkọ́ tó dúró níwájú. Ó lọ́gbọ́n lójú mi ju kí ẹnì kan wọlé wá máa fún ni ní máàkì lọ.

Àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí o kọ síbẹ̀, lọ bí àyè bá wà.

Ìwé tí o ní o ń kọ àgbéyẹ̀wò sí lálaalẹ́ ńkọ́? “Ẹ̀kọ́ lọ dáadáa, àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀” kò sọ nǹkan kan fún olùkọ́ tí yóò wọ kíláàsì lọ́la. Kọ ohun tí ojú rẹ rí. Ká ní o ní kí wọ́n ro 1/2 àti 1/3 pọ̀, tí ọmọ 11 sì kọ 2/5. O lè kọ ọ́ pé wọn kò fọkàn sí i. Tún ìwé wọn wò: gbogbo wọn ló ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Òfin ni wọ́n dá sílẹ̀ fún ara wọn, wọ́n sì fọkàn sí i gan-an. Ìdáhùn wọn kò tilẹ̀ tó ìdajì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fura. Ìyẹn ni kí o kọ, kí o kọ ohun tí o máa ṣe láàárọ̀ sábẹ́ rẹ̀: bóyá kí wọ́n kọ́kọ́ sọ bóyá ìdáhùn yóò ju ìdajì lọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan bírò. Ìlà mẹ́ta tó. Bó bá ti rẹ̀ ọ́, ìlà kan.

Tí o bá ti kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ya fọ́tò rẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Má tún un kọ kó lè dára lójú mi o.

Ìyá rẹ