Abo ẹ̀gà kì í gba ijó lásán, á wọlé yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Pósítà ìbò 2027 ti kún ara òpó iná tí kò gbé iná, wọ́n ti ń pín ìrẹsì pẹ̀lú ankara kiri, inú sì ń bí mi gan-an ni, torí láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, sùúrù náà ni wọ́n ní ká máa ṣe, a ṣì ń ṣe é.

Igi àgbọn kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, ẹ̀gà ló gbà á pátá, ariwo wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ rédíò. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ wo akọ wọn dáadáa, orí dúdú, ara yẹ́lò, ojú pupa. Á fẹnu ya ewé àgbọn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ hun ún róbótó tí yóò máa rí ibi dúró sí, ibẹ̀ lá ti wá hun ilé náà jáde, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Tó bá parí ẹ̀, á fẹsẹ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, á dorí kodò, á máa ju apá pà-pà-pà kí yẹ́lò abẹ́ apá ẹ̀ lè máa hàn, á wá máa ké pe abo. Ó dùn ún wò gan-an, ẹni tí ò bá tíì wò ó rí kó lọ wò ó.

Àmọ́ abo ò ní tìtorí ijó gbà o. Á wọ inú ilé yẹn lọ, á máa fẹnu fa ewé tó wà níbẹ̀ wò, èyí tí ewé ẹ̀ ṣì tutù ló sì máa ń wù ú. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jáde, ó di ilé ẹlòmíì. Ilé tí wọ́n bá kọ̀ títí tó fi gbẹ, akọ fúnra ẹ̀ lá tú u palẹ̀, á hun òmíì síbẹ̀. Àwọn akọ kéékèèké tí iṣẹ́ wọn ò tíì dáa, bí wọ́n ṣe ń hun, tí wọ́n ń tú, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn ṣe ń mọ́ ọn.

Kódà àkùkọ tó bá ń pe àgbébọ̀ pé oúnjẹ rèé, tí kò sí nǹkan kan nílẹ̀, tó bá ti ṣe é léraléra wọn ò ní dá a lóhùn mọ́.

Àwa wá ńkọ́? Bòhóòlù kan wà ládùúgbò wa, wọ́n kọ orúkọ olóṣèlú kan sí i gàdàgbà, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n lùlù, ẹ yí ẹ̀rọ ẹ̀ lónìí, afẹ́fẹ́ ló máa fẹ́ jáde. Ọkùnrin yẹn náà ti tún padà wá, ó wọ agbádá, ó jó, àwọn ìyá wa bá a jó, kò sẹ́ni tó bi í léèrè omi.

Àwọn kan ní ó ti sú àwọn, àwọn ò dìbò mọ́. Ó ń súni lóòótọ́, àmọ́ ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò ààrẹ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Tí abo ẹ̀gà bá kọ̀, akọ á túlé. Tí àwa bá jókòó sílé, wọn ò ní tú nǹkan kan, ìbò ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wọ́n á fi wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìbò tó dé, ẹ rán àwọn akọ̀ròyìn yín lọ sí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yí ẹ̀rọ omi wò, kí wọ́n wọ inú hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wò bóyá oògùn wà níbẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ iye tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì àti orúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbé e jáde. Tiwa ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, màá mú akọ̀ròyìn yín débẹ̀ fúnra mi.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Abẹ́òkúta