Lẹ́tà sí Ìyá Ìtòkú

Ìyá mi Ìtòkú,

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ẹ kò gbà kí ẹnikẹ́ni kí yín. Gbogbo ilé ló pé síbi ìsìnkú Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni a kò rí. Èmi tí ẹ tọ́ dàgbà, tí ẹ fi ìyẹ́ adìẹ lé lọ́wọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èmi ni àwọn àna ń bi pé ìyá wa dà.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Òótọ́ ni. Aró tí ẹ gún ewé elú sí, tí ẹ sẹ́ omi eérú sí, tí ẹ ṣọ́ títí tó fi pọ́n, ẹni kan da nǹkan sí i lóru, aró kú, aṣọ oníbàárà tí ẹ rẹ sí i kò mú àwọ̀. Ẹ ní Àǹtí ni. Ìyá, ta ló rí i? Títí a fi sin ín, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun rí i.

Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ ká bébà ní mẹ́rin, ẹ fi òwú dúdú dì í, ẹ ní kí n gbé e fún ìyá ọkọ tí ọmọ Àǹtí fẹ́ fẹ́ ní Ìbarà, kí n má sì dúró gba omi mu. Òógùn ọwọ́ mi rin bébà náà gbindin. Ìyá náà kà á lórí ìdúró, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wọlé, kò dá mi lóhùn. Kí ọjọ́ ìdána tó pé, wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi yín pé kí lẹ kọ, owó àkàrà lẹ máa ń fún mi. Bí Àǹtí bá tilẹ̀ jẹ̀bi aró, kí ni ọmọ rẹ̀ jẹ̀bi?

Ẹ rántí pé Bàbá máa ń mú wa gun Olúmọ láti sọ ìtàn ogun Dàhòmì. Àwọn Ẹ̀gbá fojú Gezo ọba Dàhòmì gbolẹ̀ nítòsí Adó lọ́dún 1844. Ó kó ogun wá gbẹ̀san lọ́dún 1851, ó sì tún fìdí rẹmi. Nígbà tó kú, Glele ọmọ rẹ̀ jogún ìtìjú náà mọ́ adé, òun náà wá lọ́dún 1864, a tún lé e. Ó dá mi lójú pé lára àwọn ọ̀dọ́ tó ṣubú sí ẹ̀bá odi wa lọ́dún náà, a rí àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà tí ìjà Adó ṣẹlẹ̀. (Bàbá kì í dé ibẹ̀ yẹn, ìbọn àti odi ló dùn mọ́ wọn lẹ́nu.)

Ọ̀rọ̀ náà ti wá kàn mí wàyí. Obìnrin tó kó owó àjọ wa sá lọ ní Kútọ̀, tí mo fi ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti san owó àwọn tí mo mú wọ àjọ náà, ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Kò mọ̀ mí rí. Mo fún un ní àlùmọ́gàjí, ó gé etí aṣọ náà gún régé, ó ní ṣé òun lè tún gé òmíràn. Ọdún mẹ́ta ni ìkọ́ṣẹ́. Mo lè fi ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rán an ní omi pípọn àti ilẹ̀ gbígbá, kó jáde láìmọ bí a ṣe ń gbé ọrùn bùbá, kò sì sí ẹni tí yóò mú mi. Bí mo bá ń rò ó lóru, ó ń dùn mọ́ mi, èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó ti ṣe irú rẹ̀ dópin, ẹ̀yin náà ni mo sì ń bi. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ìgbéyàwó yẹn ká, ṣé ara tù yín? Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ aró náà tún padà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín? Ọjọ́ Ajé ni ọmọ náà àti onídùúró rẹ̀ ń bọ̀ wá tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kí ó tó di ọjọ́ náà.

Èmi ni,
Ọmọ yín