Pépà Yín Ni Wọ́n Fi Lu Wá Ní Jìbìtì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan níbí ní Ìsìnkàn, Àkúrẹ́, mi ò sì kí ń ṣaláì ra pépà yín, torí àwọn kọ́sítọ́mà mi máa ń kà á kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, bí NEPA bá sì múná lọ wọ́n á tún máa fi fẹ́ra. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò bú yín o, ó kàn ti pẹ́ nínú mi ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọkùnrin kan wá bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọmọ ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, nílé, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó gbé fáìlì dúdú kan há abíyá. Ohun tó kọ́kọ́ yọ nínú fáìlì yẹn, pépà yín ni. Ó ti gé ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé Galatasaray, kílọ́ọ̀bù Tọ́kì, san mílíọ̀nù 75 yúrò lórí Osimhen, sítíráíkà Nàìjíríà tó ń jẹ góòlù, ó fi ọ̀rá líle bò ó bíi sàtífíkéètì, ó ń dán gbinrin. Ó ní, “Mọ́mì, ọmọ yín ló kàn.” Ó ní tíráyà, ìyẹn ìdánwò bọ́ọ̀lù, ti wà nílẹ̀ ní Tọ́kì, kílọ́ọ̀bù ti rí fídíò ọmọ, ó ní ọmọ tó bá ti lé lọ́dún 17 báyìí kò sẹ́ni tó máa wojú ẹ̀ mọ́, kí wọ́n tètè ṣe é. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 850 náírà ló ní kí wọ́n san. Àjọ tí ẹ̀gbọ́n mi kó láti fi ra ẹ̀rọ ìlọta tuntun ló kó lé e lọ́wọ́, èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kún un, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín lọ. Ọjọ́ tí lẹ́tà ìpè dé la rí i pé wọ́n ṣi orúkọ ìlú tí kílọ́ọ̀bù wà kọ. A pe fóònù bàbá alákóòtù títí, ó ti pa á.

Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa Osimhen lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni, ibi tó dùn nìkan lẹ kàn kọ. Ẹ ò kọ ọ́ pé Wolfsburg ní Jámánì tó kọ́kọ́ lọ ní 2017, kò jẹ góòlù kankan níbẹ̀, pé ní 2018 ibà mú un, Zulte Waregem ní Bẹ́ljíọ̀mù ní àwọn ò fẹ́ ẹ, Club Brugge náà ní àwọn ò fẹ́ ẹ, kí Charleroi, kílọ́ọ̀bù Bẹ́ljíọ̀mù míì, tó gbà á. Ọmọ tó jẹ góòlù 10 ní ife àgbáyé àwọn ọmọ ọdún 17 ní Chile mà nìyẹn o!

Ẹ tún wo Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin. Ó bá Golden Eaglets, ikọ̀ Nàìjíríà àwọn ọmọ ọdún 17, gba ife àgbáyé wọn ní 2013, ní 2015 Liverpool rà á, àwọn ọmọ Liverpool tó ń jókòó sí ilé ìwòran mi yan fanda lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí i. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ò jáde. Ni wọ́n bá yá a fún Frankfurt ní Jámánì, wọ́n yá a fún NEC ní Netherlands, ó lọ Mouscron ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó lọ Gent, wọ́n tún dá a padà sí Mouscron, ó lọ Mainz, ó tún lọ Union Berlin, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n yá a kiri bí odó àdúgbò, kò sì gbá bọ́ọ̀lù ìdíje kan ṣoṣo fún Liverpool títí wọ́n fi tà á ní 2021. Odidi ọdún mẹ́fà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló jẹ góòlù 15 ní líìgì Jámánì, tí Nottingham Forest ní Ìlú Ọba fi wá gbé e, òun náà ló jẹ góòlù tí wọ́n fi na West Ham lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá a nílé, bọ́ọ̀lù kàn bá ara ẹ̀ wọlé ni, àmọ́ góòlù ni góòlù ń jẹ́.

Ẹ sì rí ohun tójú ẹ̀ tún rí. Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún 2025, wọ́n ń bá Leicester gbá a, ó sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ó fi ikùn gbá òpó. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní ó ń fi tàìmù ṣòfò ni, a jọ rẹ́rìn-ín. Àṣé ìfun ọmọ ọlọ́mọ ti bàjẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi oògùn mú un sùn fọnfọn. Látọjọ́ yẹn mi ò kí ń bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́ bí sítíráíkà bá wà nílẹ̀.

Ohun tí alákóòtù yẹn sọ nípa ọdún 17, irọ́ burúkú ni. Rashidi Yekini, sítíráíkà Nàìjíríà láyé ọjọ́sí, ti tó ẹni ọdún 26 kó tó dé Setúbal ní Pọtogí, Abidjan ló ti kọjá, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tó di àwọ̀n Bulgaria mú tó ń sunkún ní ife àgbáyé 1994. Òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, gan-an ò gbà kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù fún kílọ́ọ̀bù ìlú òkèèrè, àfi ìdí díẹ̀, bíi kí òbí ẹ̀ kó lọ síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ míì. Éjẹ́ǹtì gidi sì rèé, ó máa ṣe ìdánwò FIFA kó tó gba láísẹ́ǹsì, inú owó tí iṣẹ́ bá mú wá ló ti ń jẹ tiẹ̀, kì í ṣe inú àjọ aláta.

Èyí tó tún wá ń bí mi nínú ni pé owó wà ńbẹ̀ fún Àkúrẹ́ tá à ń sọ nù. Bí kílọ́ọ̀bù kan bá kọ́ ọmọ fún ọdún kan péré nígbà tó wà láàárín ọdún 12 sí 15, tí kílọ́ọ̀bù míì wá tà á ní mílíọ̀nù 75 yúrò lókè òkun lọ́jọ́ iwájú, nínú òfin FIFA, yúrò 187,500 ni ti kílọ́ọ̀bù tó kọ́ ọ nínú ẹ̀, bí orúkọ ọmọ bá ti wà nínú ìwé. Kọ́ọ̀ṣì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní pápá àdúgbò wa, ìwé fóótì lífù ló kọ orúkọ wọn sí, òjò ti pa ìdajì ẹ̀. Ẹ bi í léèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó máa ní Ọlọ́run mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ náà ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ Sunshine Stars, kílọ́ọ̀bù Àkúrẹ́ wa, sétí, bẹ́ẹ̀ kílọ́ọ̀bù yìí dé sẹmi fáínà Champions League Áfíríkà ní 2012, Al Ahly ti Íjíbítì ló lé wa jáde pẹ̀lú góòlù ẹyọ kan ní Cairo.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe báyìí, ó ṣì ń gbé búùtù ẹ̀ sínú báàgì lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ìgbà míì tí ẹ bá fẹ́ gbé iye tí wọ́n ra sítíráíkà jáde, ẹ kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti yá a dé àti àwọn tó ní àwọn ò fẹ́ ẹ sí abẹ́ àwòrán náà, kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi bíi ti owó.

Wọ́n ní wọ́n tún rí ọkùnrin alákóòtù kan ní pápá kan ní Ọ̀bà-Ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ń yọ pépà nínú fáìlì. Bó bá tún jẹ́ pépà tiyín ló máa gé báyìí, ẹ bá mi fi lẹ́tà mi yìí sí ẹ̀yìn ojú ewé bọ́ọ̀lù.

Èmi ni,
Oní-ilé-ìwòran, Ìsìnkàn, Àkúrẹ́.